Korobá Kan, Ènìyàn Mẹ́ta: Bí Òṣèré Ṣe Ń Fi Ayé Ara Rẹ̀ Dá Eré Ṣe

Eré àdáṣe ni eré orí ìtàgé tí òṣèré kan ṣoṣo ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èkíní, ìtàn ẹlòmíì ni òṣèré ń sọ. Tayo Aluko, ọmọ Nàìjíríà tó fi Liverpool ṣe ilé, ló ni eré Call Mr Robeson, ṣùgbọ́n ìtàn Paul Robeson, gbajúmọ̀ olórin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ló ń sọ níbẹ̀. Nínú èkejì, òṣèré ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Inua Ellams, tí wọ́n bí ní Jos lọ́dún 1984, fi ìjàngbọ̀n ìgbà èwe rẹ̀, láti Nàìjíríà dé Dublin àti London, ṣe The 14th Tale. Eré náà gba ẹ̀bùn Fringe First ní Edinburgh lọ́dún 2009. Oríṣi kejì yìí la fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Apàlọ́ á fi imú sọ̀rọ̀, ó di Ìjàpá. Á ki ohùn nípọn, ó di ọba. Ẹnu kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú eré yìí, apàlọ́ gan-an ni Ìjàpá. Bó bá fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ọlọ́gbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àlọ́ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Ushafa ṣe àpẹẹrẹ. Abúlé àwọn Gbagyi ni, lábẹ́ Bwari ní Àbújá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣàbẹ̀wò síbẹ̀. Ká ní ọmọ Yorùbá kan ń gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún 10, tó ti wá di òṣèré lónìí.

Yíyan ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kan ló máa mú, àti ohun kan tí ọmọ náà ń fẹ́ lójú méjèèjì. Ó fẹ́ rí Clinton. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ pọnmi ná. Láti ìgbà yẹn lọ, òǹwòran ti ń ṣírò: ṣé á padà dé kí ọkọ̀ àlejò tó lọ? Ohun tí kò bá ti kan omi tàbí Clinton, bó ti wù kó dùn tó, kó fi í sílẹ̀.

Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ ti orí ìwé bẹ̀rẹ̀. Spalding Gray, ará Amẹ́ríkà tó kó ipa kékeré nínú fíìmù The Killing Fields, fi ìrírí rẹ̀ níbẹ̀ ṣe Swimming to Cambodia. Nígbà ayé rẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ nìkan ló máa ń kọ sínú ìwé. Á jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ife omi, á sọ ìtàn náà fún òǹwòran, á gbà á sórí téèpù, á gbọ́ ọ, á tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn. Béèyàn bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, etí rẹ̀ á mọ ibi tí ìtàn ti ń falẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó kan ara. Òṣèré wa mú korobá òfìfo kan jáde. Ó gbé e rù, ọrùn nà ṣánṣán: ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé e lé èjìká, ara tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: aládùúgbò wọn nìyẹn, nítorí èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi máa ń gbé ẹrù lé. Ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e, ó ń mi ẹsẹ̀: ọmọ ọdún 10 ti dé. Kò pààrọ̀ aṣọ, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá bá ń bá ọmọ wí, ojú á wolẹ̀. Bí ọmọ bá ń fèsì, ojú á wòkè. Ibi tí ojú bá wò ni òǹwòran ti ń rí ẹnìkejì. Bó bá ṣì í wò lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá di aràrá, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ.

Kò sí ayé ẹnìkan tí ti ẹlòmíì kò sí nínú rẹ̀. Kí ìyá tó gbọ́ lẹ́nu àjèjì pé wọ́n ń fi òun ṣeré, ó yẹ kí ọmọ ti jókòó tì í, kó sì yọ èyí tó bá ní kó má sọ. Ọgbẹ́ tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, kó jẹ́ kó jiná ná. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òṣèré tí omijé ò jẹ́ kó rí òǹwòran mọ́ ti kúrò nídìí iṣẹ́.

Òun nìkan ló ń ṣeré lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ eré náà. Ìkòkò kì í yí fún amọ̀kòkò Gbagyi. Amọ̀kòkò ló ń yí ìkòkò po bó ṣe ń mọ ọ́. Iṣẹ́ adarí eré nìyẹn: ó ń rí ẹ̀yìn tí òṣèré kò lè rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ibà bá dá òṣèré dúbúlẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a ṣe é.

Bí àtẹ́wọ́ bá ti parí, á kó aṣọ rẹ̀ sínú korobá, á wọ mọ́tò Bwari. Ìyá, aládùúgbò àti ọmọ ọdún 10 jọ wọlé, owó ẹnìkan ni kọ́ńdọ̀ gbà.