Kí Ọmọ Tó Kọjá Ẹnubodè Lọ Kàwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ni àwọn ọmọ wa fi ń lọ kàwé nílẹ̀ òkèèrè, tí ọmọ ẹlòmíràn sì ń wá kàwé lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí àwọn ará Mọ́níyà. Láti ọdún 1967 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ti wà nítòsí wọn, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì ń wá kọ́ nípa ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo níbẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú, ẹ̀ka kan wà nínú Pan African University tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Àwọn tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ ni ó ń gbà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀kọ́ lè fò kọjá ẹnubodè; ìwé-ẹ̀rí kò lè fò, àfi kí ẹnìkan jẹ́rìí sí i. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fi oyè jẹ àwọn ọmọ ibẹ̀, títí Ìbàdàn fi dá dúró ní 1962.

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn kò rí àyè nípasẹ̀ JAMB rán wọn lọ sí ilẹ̀ Benin. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọdún mẹ́rin níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù January 2024, Ìjọba Àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn tí wọ́n fi òótọ́ jókòó kàwé sì bá àwọn oníjìbìtì pín nínú ìyà náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó èsúsú, kí ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ béèrè ní Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ bóyá wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni ọmọ yóò dà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tí ń fún wọn ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Kí ọmọ náà gba òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ẹnubodè, kí ó sì tọ́jú ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní òun yóò fi oṣù díẹ̀ parí iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, ẹ má ṣe fi owó gààrí yín lé e lọ́wọ́.