Ọmọ Ọwọ́, Ẹni Tí Ń Tọ́jú Rẹ̀, àti Owó Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ìròyìn ti oṣù mẹ́ta yìí lè yà yín lẹ́nu. Ẹ ti mọ̀ wá mọ́ ọ̀rọ̀ ìwé owó, ọ̀rọ̀ onídùúró, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yá owó tí kò san án padà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé a fi iṣẹ́ tiwa sílẹ̀ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣe tiwọn o. Inú ìwé owó gan-an ni a ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé.

Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò ní Òkè-Afá, ní agbègbè Ilé Jákàńdè, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ohun kan wà tí ojú wa ti mọ̀. Obìnrin oníṣòwò kan yóò máa san owó rẹ̀ déédéé, kò ní yẹ̀ ní oṣù kan. Lẹ́yìn náà yóò bímọ. Yóò san ti oṣù kìíní, yóò san ti oṣù kejì, ṣùgbọ́n bí ó bá di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ojú ìwé a ṣófo. A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún gbogbo abiyamọ. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tí ó fà á, àìsàn ọmọ ni a sábà máa ń gbọ́.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a kì yóò dárúkọ, obìnrin kan tí ń ta ata àti tòmátì bímọ nígbà tí kò tíì san ìdajì owó tí ó yá. Òfin ẹgbẹ́ wọn kò mọ abiyamọ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ti padà sí ọjà Mílè 12 ní ìdájí, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá. Omi ẹ̀kọ ni ọmọ náà ń mu, bí ó bá sì kọ̀, wọn a rọ ọ́. Kí ó tó pé oṣù mẹ́rin, ìgbẹ́ gbuuru ti gbé e dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọjà ti bá oògùn lọ, àwọn onídùúró méjèèjì ni wọ́n sì san ìyókù. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin náà kì í ṣe ẹni tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ wa nínú. Ẹni tí ó sáré padà sí ọjà nítorí kí ó lè san owó ẹgbẹ́ ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ọmọ ọwọ́ jẹ́. Bí a bá bí ọmọ ewúrẹ́ ní òwúrọ̀, kí ó tó di ọ̀sán yóò ti máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kiri. Ọmọ ènìyàn kò lè gbé orí ara rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, yóò sì tó bí ọdún kan kí ó tó rìn. Bí ebi bá ń pa á, bí òtútù bá mú un, bí ìdí rẹ̀ bá tutù, ẹkún nìkan ni ó ní láti fi sọ ọ́. Ẹni tí yóò gbọ́ ẹkún náà, tí yóò sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ń lọ nínú ara ọmọ náà kò kéré. Bí ó bá ń jẹun dáadáa, ìwọ̀n rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì ti ọjọ́ ìbí ní nǹkan bí oṣù márùn-ún, ìlọ́po mẹ́ta sì ni nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Ọpọlọ rẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́rin ti àgbà lọ ní ọjọ́ tí a bí i, ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ọpọlọ náà ti tó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti àgbà. Kò sí ìgbà mìíràn láyé ènìyàn tí ọpọlọ tún ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ebi, àìsàn tàbí àìbìkítà bá bàjẹ́ ní ọdún wọ̀nyí, owó ilé-ìwé tí a bá san lẹ́yìn ọ̀la kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìfi omi tàbí àgbo kún un, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ mìíràn, kí ó sì máa mu ọmú lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má bínú sí wa. A mọ̀ pé àgbo ni ẹ fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n omi wà nínú ọmú tí ó tó ọmọ náà mu, àní nínú ooru Èkó, omi kànga tàbí omi ọlọ́kọ̀ tí a fi ń ṣe àgbo ni ó sì sábà máa ń gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àwọn kan máa ń fún dànù, òun gan-an ni ó ní agbára jù láti gbógun ti àrùn. Ní ti rírọ ọmọ, kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Bí a bá di imú ọmọ tí a sì da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ẹ̀kọ náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Abiyamọ tí kò lè ṣe aláì má lọ sí ọjà lè fi ọwọ́ tí ó mọ́ fún omi ọmú rẹ̀ sínú ife tí a ti sè nínú omi gbígbóná, kí ó dé e, kí ó gbé e sí ibi tí ó tutù, kí ẹni tí ó bá dúró ti ọmọ sì fi ife kékeré fún un mu kí wákàtí mẹ́rin tó kọjá. Ife dára ju ìgò onírọ́bà lọ, nítorí ẹnu ìgò ṣòro láti fọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́. Ní ọdún 1954 sí 1955, obìnrin onímọ̀ kan, Mary Ainsworth, lọ sí àwọn abúlé tí ó wà nítòsí Kampala ní ilẹ̀ Ùgáńdà, ó ń wo bí àwọn ìyá ṣe ń tọ́ ọmọ wọn. Ó rí i pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ máa ń tètè dá ẹkún rẹ̀ lóhùn kò di ọmọ tí kò lè kúrò lẹ́yìn ìyá, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń rò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ láti rá kiri, kí ó fọwọ́ kan èyí, kí ó wo tọ̀hún, nítorí ó mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá bà á, ẹnìkan wà tí òun yóò sá padà tọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Romania. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ wó ní ìparí ọdún 1989, gbogbo ayé rí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí níbi tí ọmọ púpọ̀ ti ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ dé alẹ́, tí olùtọ́jú wọn kò tó nǹkan, tí kò sì sí ẹni tí ń gbé wọn mọ́ra. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Bucharest pẹ̀lú ọmọ 136. Wọ́n kó ìdajì wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtọ́ nínú ilé, àwọn ìyókù sì ń bá ìtọ́jú tí ó wà nílẹ̀ lọ. Àwọn tí a kó lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní làákàyè ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, pàápàá àwọn tí ó débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún méjì. Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbà bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń ki oríkì ọmọ, tí ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀, tí ó sì ń fi èdè ọmọ dá a lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹ kíyè sí i pé alágbàtọ́ ni wọ́n, kì í ṣe ìyá tí ó bí wọn. Ohun tí ọmọ fẹ́ ni ẹni tí ó mọ̀ dáadáa, tí kì í yí padà lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ bàbá, ó lè jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀. Kò yẹ kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ará Òkè-Afá ní èyí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà, ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tí ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì bá omi kánà tiwa níhìn-ín lọ bí wọ́n ti ń sá nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó ya kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹni tí kò bí wọn ni wọ́n sì wà títí a fi rí àwọn tí ó ni wọ́n. Àwọn mìíràn kò rí òbí mọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìtàn Iléṣà ni ó wù wá jù. Dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní ọdún 1956. Ilé ìwòsàn náà ni ó di ara ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, èyí tí ara rẹ̀ le àti èyí tí ń ṣàìsàn pọ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń sàmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì. Ìyá ni ó ń mú káàdì náà lọ sílé, tí ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yóò mọ ohun tí ó jọ: ìwé pélébé ìfowópamọ́ yín ni. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà bá tẹ́ pẹrẹsẹ fún oṣù méjì, nǹkan ti ń bàjẹ́ kí ojú tó rí i. Ikú ọmọdé dínkù púpọ̀ ní ìlú náà, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì tàn ká àgbáyé. Morley tún kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti fi ojú sí àwọn ọmọ kan ju àwọn ìyókù lọ: àwọn ìbejì, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú, ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Gbogbo wọn ni ọwọ́ tí ń tọ́jú wọn ti dínkù tàbí tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Ẹ bèèrè káàdì yìí ní ilé ìtọ́jú ìjọba tí ó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì máa lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá, mẹ́rìnlá, àti ní oṣù kẹsàn-án.

Ohun méjì ni a ó fi kún un fún ẹni tí a bá fi ọmọ sílẹ̀ fún. Kí ó má ṣe kó kánfọ̀ sínú aṣọ ọmọ tuntun. Nínú ọmọ wa púpọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kò bá kánfọ̀ rẹ́. Ojú àti ara ọmọ a pọ́n, bí a kò bá sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Èkejì ni oògùn eyín. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín kan tí a ń pè ní My Pikin ní kẹ́míkà olóró nínú, ó ju ọgọ́rin ọmọ lọ tí ó pa. Eyín kì í fa ibà tí ó le. Bí ara ọmọ bá gbóná, dókítà ni kí ẹ wá lọ.

Ó kù sí ti ẹgbẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tí a gbà síṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ìsinmi ìbímọ, ó sì ní kí ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú gba ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́, àti ọjọ́ mẹ́wàá fún bàbá ọmọ. Ta ni yóò fún aláta ní ìsinmi? Kò ní ọ̀gá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ní.

Ohun tí a dábàá ni pé kí abiyamọ tí ó ní gbèsè máa san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí a sì sún ìparí owó náà síwájú ní oṣù mẹ́fà. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé owó tí kò bá tètè padà ni ẹlòmíràn kò ní tètè rí yá. Òótọ́ ni. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wo iye abiyamọ tí ó ní lọ́dún, kí ó sì ya ìwọ̀n owó kan sọ́tọ̀ fún un. Kí ẹ má fọwọ́ kan owó ìpamọ́ tí òfin ní kí a máa yọ nínú èrè.

Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ bíi mẹ́ta bá wà nítòsí ara wọn, a fẹ́ kí ẹ ro ti jẹ́lé-ó-sinmi pẹ̀lú. Ní ìlú Ahmedabad ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹgbẹ́ SEWA tí Ela Bhatt dá sílẹ̀ ní 1972 fún àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ àti aláte ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ń jẹ́ Sangini, iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe ni títọ́jú ọmọ àwọn obìnrin náà nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olùtọ́jú ọmọ fúnra wọn ni ọmọ ẹgbẹ́. Yàrá kan tí ó mọ́, tí afẹ́fẹ́ wọlé sí, àti àgbà obìnrin méjì tí ọwọ́ wọn mọ́ tí wọn kì í sì í pààrọ̀ lóṣooṣù, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀ nítòsí ọjà.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gba àbá oṣù mẹ́fà yìí, kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú ìpàdé gbogbogbòò, kí a dìbò lé e, kí akọ̀wé sì kọ iye tí ó gbà àti iye tí ó kọ̀ sínú ìwé ìpàdé. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ẹgbẹ́ ni ẹ ń tún ṣe, kò tíì múlẹ̀ àfi bí ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́, kí alága, akọ̀wé àti akápò sì buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan.