Iṣẹ́ Arvid Carlsson: ta ni ìtọ́kasí ń kà, ta ni ó ń fò kọjá?

Ní ọdún 1957, ní ìlú Lund ní gúúsù Sweden, Arvid Carlsson àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Margit Lindqvist àti Tor Magnusson, fún àwọn ehoro ní oògùn kan tó ń jẹ́ reserpine. Àwọn ehoro náà rọ jọwọrọ. Etí wọn wálẹ̀, wọn kò lè sún kúrò lójú kan. Wọ́n wá gún wọn ní abẹ́rẹ́ L-DOPA, èyí tí ara máa ń sọ di dopamine, kò sì pẹ́ tí wọ́n tún ń fò kiri bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n rí. Àpilẹ̀kọ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ròyìn ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature kò ju ojú ewé kan lọ. Ní 2000, Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn pẹ̀lú Paul Greengard àti Eric Kandel.

Ohun tó wà nínú ojú ewé kan yẹn kì í ṣe kékeré. Títí di ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé dopamine kò ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ, pé ara kàn ń gba orí rẹ̀ kọjá láti ṣe noradrenaline ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Carlsson wọn ọpọlọ àwọn ẹranko tó jí yìí, noradrenaline kò tíì padà. Dopamine ló padà. Wọ́n gbé ìyẹn jáde nínú Science ní 1958. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Åke Bertler àti Evald Rosengren, tí àwọn náà wà ní Lund, fi hàn pé ibi tí dopamine pọ̀ sí jù ni apá ọpọlọ tó ń darí bí a ṣe ń rìn àti bí a ṣe ń gbé ọwọ́ gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òdodo yóò fi kún un pé Kathleen Montagu, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Runwell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ nínú Nature kan náà ní oṣù Kẹjọ 1957, ṣáájú Carlsson, pé dopamine wà nínú ọpọlọ. Àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Calcium ni Carlsson ń ṣèwádìí lé lórí tẹ́lẹ̀. Ó wá ipò kan ní Yunifásítì Lund, wọ́n fún ẹlòmíràn. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un ni pé ọ̀rọ̀ calcium kò sí ní àárín gbùngbùn ìmọ̀ oògùn. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́ yẹn ló gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1955, níbi tó ti lo nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ Bernard Brodie ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Bethesda. Brodie, Parkhurst Shore àti Alfred Pletscher ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nígbà náà pé reserpine máa ń fa serotonin tán nínú ara ẹranko. Ẹ̀rọ tuntun kan wà níbẹ̀, tí Robert Bowman ṣe, tó ń lo ìmọ́lẹ̀ láti wọn kẹ́míkà tó kéré gan-an. Carlsson kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó sì dábàá fún Brodie pé kí wọ́n yẹ noradrenaline náà wò. Brodie ní kò sí ohun tí wọn yóò rí níbẹ̀. Carlsson ò bá a jiyàn. Ó kọ lẹ́tà sí Nils-Åke Hillarp ní Lund pé bí òun bá dé, kí àwọn jọ ṣe é. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì rí i. Àjọṣe àwọn méjèèjì yìí ló bí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó tẹ̀ lé e, títí dé ọgbọ́n tí Hillarp àti Bengt Falck dá ní 1962 láti mú kí àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí máa tàn lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Hillarp kú ní 1965, kò tíì pé ẹni 50 ọdún.

Ilé Brodie yẹn tọ́ ọmọ púpọ̀. Julius Axelrod wà lára wọn. Kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé rárá nígbà tí òun àti Brodie fi hàn ní 1948 pé paracetamol ni oògùn kan tó ń jẹ́ acetanilide máa ń dà nínú ara kó tó pa ìrora. Paracetamol tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ ilé ni mò ń wí. Axelrod gba Nobel ní 1970. Solomon Snyder kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Axelrod. Candace Pert kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Snyder ní Johns Hopkins, àwọn méjèèjì sì kọ àpilẹ̀kọ 1973 nínú Science tó fi ojú ibi tí morphine ń so mọ́ nínú ọpọlọ hàn. Orúkọ Pert ló ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ yẹn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀bùn Lasker dá iṣẹ́ yìí lọ́lá ní 1978, Snyder, John Hughes àti Hans Kosterlitz ni wọ́n pè. Pert kọ̀wé fẹ̀hónú hàn.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìtọ́kasí ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbà ń jẹ́wọ́ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n: bí mo bá lo iṣẹ́ rẹ, mo kọ orúkọ rẹ sísàlẹ̀ ìwé mi. Ní 1955 kan náà tí Carlsson wà lọ́dọ̀ Brodie, Eugene Garfield dábàá nínú Science pé kí wọ́n máa ṣe àkójọ gbogbo ìtọ́kasí, kí èèyàn lè mọ àwọn tó lo iṣẹ́ kan lẹ́yìn tó jáde. Láti 1964 ni iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ti ń tẹ àkójọ náà jáde déédéé. Ohun tí wọ́n ṣe fún wíwá ìwé di òṣùwọ̀n èèyàn. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní California, gbé h-index kalẹ̀: bí o bá ní àpilẹ̀kọ 20 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ó kéré tán ìgbà 20, h rẹ jẹ́ 20. Lónìí, nọ́ńbà yìí wà lójú ewé olùṣèwádìí lórí Google Scholar, àwọn tó ń pín owó ìwádìí sì ń wò ó kí wọ́n tó ka ìlà kan nínú iṣẹ́ ẹni náà.

Ó dára, ó yá. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ nínú ìtàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ ti ju 300,000 lọ, ni èyí tí Oliver Lowry, ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn ní Yunifásítì Washington ní St. Louis, àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ ní 1951. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ bí purotéènì ti pọ̀ tó nínú omi ló ṣàlàyé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lowry fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe àpilẹ̀kọ ńlá. Bẹ́ẹ̀, ta ló tún ń tọ́ka sí Carlsson kó tó sọ pé dopamine wà nínú ọpọlọ? Ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ohun èlò tí gbogbo èèyàn ń lò máa ń kó ìtọ́kasí jọ. Ìmọ̀ tó wọ inú gbogbo èèyàn máa ń pàdánù rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ Carlsson tí wọ́n ń tọ́ka sí gan-an ni èyí tí òun àti Lindqvist kọ ní 1963, ojú ewé márùn-ún péré. Wọ́n fún eku ní chlorpromazine àti haloperidol, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè. Dopamine inú ọpọlọ kò dín kù. Ohun tí ó máa ń dà lẹ́yìn ìlò ló pọ̀ sí i. Àbá tí wọ́n dá ni pé oògùn náà dí ojú ibi tí kẹ́míkà yìí ti ń jíṣẹ́, ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá ń tú púpọ̀ sí i jáde. Wọn kò sọ níbẹ̀ pé dopamine nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ka noradrenaline mọ́ ọn. Jacques van Rossum ló tẹnu mọ́ dopamine ní 1966, ọwọ́ Philip Seeman ní Toronto àti ẹgbẹ́ Snyder ló sì ti fìdí múlẹ̀ ní 1976. Síbẹ̀ ẹ máa rí ọ̀pọ̀ ìwé tó ń to 1963 sísàlẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tọ́ka sí ìwé ló kà á.

Èdè náà ní ipa tirẹ̀. Ní Vienna, Oleh Hornykiewicz àti Herbert Ehringer wọn ọpọlọ àwọn tí àrùn Parkinson pa, wọ́n sì rí i pé dopamine ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbi tó yẹ kó pọ̀ sí. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́ ní 1960. Ní 1961, Hornykiewicz àti Walther Birkmayer bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn aláìsàn ní L-DOPA, àwọn tí kò lè dìde sì dìde. Ìtumọ̀ àpilẹ̀kọ 1960 náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò jáde títí di 1998. Nígbà tí wọ́n kéde Nobel 2000 láìsí orúkọ Hornykiewicz, àwọn onímọ̀ ọpọlọ tó ju 200 lọ fọwọ́ sí lẹ́tà ìta gbangba pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Òfin Nobel kò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ.

Ibi tí reserpine ti wá

Àmọ́ reserpine tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo eléyìí kì í ṣe ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní yàrá ìwádìí. Inú gbòǹgbò igi kan ní Íńdíà ni, Rauwolfia serpentina, tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ti ń lò tipẹ́. Gananath Sen àti Kartick Bose kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1931 pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti wèrè. Ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn Íńdíà ni wọ́n kọ ọ́ sí, àwọn ará Yúróòpù kò sì bìkítà. Ìgbà tí Rustom Jal Vakil láti Bombay gbé tirẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ọkàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949 ni wọ́n tó tají. Ní 1952, iléeṣẹ́ Ciba ní Basel yọ reserpine jáde. Ní 1954, Nathan Kline ní New York ròyìn bó ṣe ṣiṣẹ́ lára àwọn alárùn ọpọlọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Carlsson bá reserpine lọ́dọ̀ Brodie.

Igi náà ní ẹbí nílẹ̀ Yorùbá: asofẹ́yẹjẹ, Rauvolfia vomitoria. Reserpine wà nínú rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ oògùn sì ti ń rà á láti Áfíríkà. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé wa yóò rántí Brinerdin. Reserpine wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Àró, l'Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn tí Thomas Adéoyè Lambo ń darí. Ẹgbẹ́ Carlsson ni Lambo lọ́jọ́ orí, 1923 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, òun náà sì gbà kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá òun ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù ń wò ó bí àwàdà. Prince tọ àwọn oníṣègùn wa lọ, ó rí i pé wọ́n ń fi igi yìí tọ́jú wèrè, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 1960. Ojú ewé mẹ́ta ni. Òun nìkan ni òǹkọ̀wé.

Èmi ò lè da gbogbo ẹ̀bi pé òun nìkan ni òǹkọ̀wé lé Prince lórí, torí òun ló kúkú sọ fún ayé. Oníṣègùn tó mọ̀ ọ́n kì í ṣí àpò oògùn rẹ̀ fún aládùúgbò, ká má tíì sọ àlejò; ọmọ tàbí ọmọṣẹ́ tó ti búra ló ń fún. Ìmọ̀ tí wọ́n dì mọ́ra bẹ́ẹ̀ ń fún ilé kan ní oúnjẹ láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n kò ní ojú ewé tí ẹlòmíràn lè tọ́ka sí. Garfield ò lè ka ohun tí kò sí nínú ìwé, Google Scholar náà ò lè kà á. Ohun tí wọ́n lè kà ni 1960, Prince, ojú ewé 147 sí 149.