Adágún Moraine Kì Í Dúró De Àlejò

Kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ lóde òní kí ìyá kan tó ti fi Jos, Kàdúná tàbí Kánò ṣe ibùgbé láti ọjọ́ pípẹ́ di ẹrù rẹ̀, kí ó sì forí lé ìlú Calgary ní ilẹ̀ Kánádà, nítorí pé ọmọ rẹ̀ bímọ sọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wẹ ọmọ. Nígbà tí ọmọ titun bá ti le díẹ̀, tí ara ìyá ìkókó sì ti mókun, àwọn ará ilé a bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí wọn yóò mú ìyá àgbà lọ, kí ojú rẹ̀ lè rí nǹkan kí ó tó padà sílé. Adágún Moraine wà lára àwọn ibi tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Adágún ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, kò sì bá aboyún ṣe àdéhùn.

Inú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Banff, ní ìpínlẹ̀ Alberta, ni adágún náà wà. Láti Calgary dé abúlé Lake Louise tó nǹkan bí 180 kìlómítà, ìrìn wákàtí méjì lórí títì tó dán. Láti itòsí ibẹ̀ ni ọ̀nà kékeré kan ti yà gun òkè lọ sí Moraine. Ibi tí omi náà dúró sí fi 1,884 mítà ga ju ojú òkun lọ. Kí ará Jos lè fi ojú inú wò ó, ṣóńṣó Òkè Shere tí wọ́n ń wò lókèèrè kò ju 1,829 mítà lọ. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ni adágún yìí wà, síbẹ̀ ó ga ju orí òkè tiwọn lọ.

Òkè mẹ́wàá ló tò yí àfonífojì náà ká, gbogbo wọn ló sì ga ju 3,000 mítà lọ. Samuel Allen, arìnrìn-àjò kan tó dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1890 sí 1899, fi èdè àwọn Stoney Nakoda tí wọ́n ni ilẹ̀ náà sọ wọ́n lórúkọ, ó kà wọ́n láti ení dé ẹ̀wá bí ẹni ń ka iṣu lóko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ èèyàn rọ́pò púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Neptuak tí í ṣe ẹ̀sán, àti Wenkchemna tí í ṣe ẹ̀wá, ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn títí di òní.

Walter Wilcox ló sọ adágún náà ní Moraine ní ọdún 1899. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀ ni òkìtì òkúta tí yìnyín ńlá bá wọ́ jọ. Wilcox rí irú òkìtì kan ní ẹnu adágún, ó sì gbà pé yìnyín ló kó o síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe jù lọ pé ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí ń jẹ́ Ilé Ìṣọ́ Bábélì ló ya lulẹ̀. Àṣìṣe ti di orúkọ ná! Orí òkìtì yìí kan náà ni èèyàn ń gùn kí ó tó rí adágún bí ó ti rí lẹ́yìn owó bébà 20 dọ́là Kánádà tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1969 àti 1979.

Àwọ̀ omi náà ni èrò ń wá wò. Ẹni tó bá rí i yóò fẹ́ rò pé aró ni wọ́n dà sí i. Yìnyín tó ti dì lórí òkè láti ayébáyé a máa rọra yọ̀ wá sísàlẹ̀, a sì máa lọ òkúta abẹ́ rẹ̀ kúnná ju ẹlùbọ́ lọ. Nígbà tí oòrùn bá mú, tí yìnyín yọ́, omi a gbé ìyẹ̀fun òkúta yìí wọ inú adágún, a sì léfòó níbẹ̀ láìtètè rì. Òun ni ìmọ́lẹ̀ ń bá pàdé tí omi fi ń tàn bí aró tó pò mọ́ àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí ayé ti ń gbóná sí i ni yìnyín àwọn òkè náà ń dínkù, débi pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ irú yìnyín bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Bí ó bá tán, omi lè wà, àwọ̀ yẹn ni yóò ṣá.

Nítorí èyí, oṣù ṣe pàtàkì ju ọjọ́ lọ. Ọ̀nà Moraine a máa wà ní títì láti àárín Ọkitóbà títí di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ Júùnù, nítorí òjò dídì tó máa ń ya láti orí òkè bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣí i, omi lè má tíì kún. Ìparí Júùnù wọ Júláì ni ó máa ń kún dẹ́nu. Ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà ní ẹwà tirẹ̀, nígbà tí igi larch, tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, bá pọ́n bí wúrà kí ó tó wọ́wé. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń gbà fún àlejò ní Kánádà. Ìyá tó bá dé ní Fẹ́búárì yóò bá Júláì níbẹ̀. Èyí tó bá dé ní ìparí Ọkitóbà, tó sì padà ní Épírì, orúkọ adágún lásán ni yóò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti fòfin de ọkọ̀ aládàáni ní ọ̀nà Moraine, nítorí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí kò gba èrò mọ́. Ìbáà jẹ́ ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Calgary, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti ṣẹ́rí padà. Bọ́ọ̀sì àwọn aláṣẹ ọgbà, tàbí ti àwọn tí wọ́n fún láṣẹ, ni wọ́n ń wọ̀. Àyè inú bọ́ọ̀sì ọgbà ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀: wọ́n ń ta apá kan láti oṣù Épírì, wọ́n sì ń tú ìyókù sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì kí ìrìn pé. Ẹni tó bá sùn gbàgbé lọ́jọ́ náà lè máà rí nǹkan kan. Àǹfààní kan wà fún àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò le: ẹni tó bá ní káàdì ìgbọ́kọ̀sí ti aláàbọ̀ ara lè gba ọ̀nà náà kọjá nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Ìyá àgbà kò gbọ́dọ̀ fi aṣọ ilé lọ. Ní Júláì pàápàá, òwúrọ̀ ibẹ̀ a máa mú ju ọyẹ́ Jos lọ, omi náà kò sì ṣeé wẹ̀. Òkìtì òkúta ní àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn lè máa rìn létí omi, ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Òfin kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fún ẹranko ní oúnjẹ, béárì sì wà nínú igbó náà. Ìgbà mìíràn wà tí àwọn aláṣẹ máa ń pàṣẹ pé kí ẹni tó ń gun òkè lọ síwájú má ṣe dín ní mẹ́rin pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ti ẹni tí ìgbà òtútù bá ká mọ́ ibẹ̀, ọ̀nà adágún Louise, tó wà ní 1,731 mítà, kì í tì ní tirẹ̀. Yóò bá omi náà tó ti dì gbagidi, tí àwọn ọmọdé ń fi bàtà onírin yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, yóò sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ojú adágún, bí àwọn aláṣẹ bá ti wò ó tí wọ́n sọ pé ó nípọn tó.