Bí kọ̀ǹpútà tó ní Windows àti Linux bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀màtì rẹ̀

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti sú. Windows 11 kì í gba kọ̀ǹpútà tí kò bá ní TPM 2.0, owó tuntun kò sì sí nílẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn kan dá ni pé wọ́n fi Linux, irú bíi Ubuntu tàbí Mint, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo: Linux fún íntánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà kíkọ, Windows fún ètò ìṣirò owó tí kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ọgbọ́n náà dáa, àmọ́ àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú akèrègbè kan.

Ọjọ́ tí ìjà bá dé, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń bọ́ sí. Oníbàárà ti dúró, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ẹni tó ń tún un ṣe sì ti ní àfi kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Bó bá fi ṣe bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ gbèsè àti ọjà di àwátì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe àwọn fáìlì náà. Ṣe lọ̀rọ̀ náà dà bíi ṣọ́ọ̀bù tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sọnù. Ọjà ṣì wà nínú ẹ̀.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé Windows ṣe àtúnṣe ara ẹ̀ tán, ó wá fi ara ẹ̀ síwájú, kọ̀ǹpútà kò sì bi yín mọ́ pé èwo lẹ fẹ́ lò. Ẹ pa á, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad, tàbí F9 bó bá jẹ́ HP. Orúkọ méjèèjì á jáde, ẹ ó sì mú Ubuntu. Bó bá ṣí, kò sóhun tó bàjẹ́. Ẹ kàn lọ sínú BIOS kí ẹ to orúkọ wọn padà ni.

Èyí tó dẹ́rù ba èèyàn jù ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2024. Lọ́jọ́ 13 oṣù náà, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde láti dí ihò ààbò kan tí wọ́n ti rí nínú GRUB, ìyẹn aṣọ́nà tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún Linux, láti ọdún 2022. Wọ́n ní àtúnṣe náà kò ní kan kọ̀ǹpútà tó bá ní Windows àti Linux pọ̀. Ó kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn tan kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n rí «Verifying shim SBAT data failed», ó sì kú pii. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni Microsoft tó yanjú ẹ̀. Ẹni tó bá ṣì bá irú ẹ̀ pàdé, kó pa Secure Boot nínú BIOS, kó wọ Linux, kó tẹ «sudo mokutil --set-sbat-policy delete», kó pa kọ̀ǹpútà, kó tún wọ Linux lẹ́ẹ̀kan sí i, kó ṣe àtúnṣe Linux náà, kó tó dá Secure Boot padà.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan BIOS, ẹ bi í léèrè bóyá BitLocker wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Bó bá wà, Windows lè béèrè nọ́ńbà ìdáǹdè tó jẹ́ òǹkà 48 kó tó ṣí. Inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń wà. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń di ẹkún: àkáǹtì ọmọṣẹ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i, tàbí ti ẹni tó tà á. Bí nọ́ńbà náà bá sọnù, Microsoft fúnra ẹ̀ kò lè ṣe òmíràn. Ẹ wá a lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú ìwé ṣọ́ọ̀bù.

Bí Linux bá kọ̀ láti kọ nǹkan sínú fáìlì Windows, Fast Startup ló fà á. Windows kò sùn tán ni. Inú Power Options lẹ ti máa pa á.

Bí aago Windows bá fi wákàtí kan rẹ̀yìn, kì í ṣe àrùn. Aago àgbáyé ni Linux ń tọ́jú, tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú ẹ̀. (Àwọn ará Togo kì í rí èyí, aago wọn kò yàtọ̀ sí ti àgbáyé.) «timedatectl set-local-rtc 1» ni wọ́n ń tẹ̀ nínú Linux. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọdún ló fi rẹ̀yìn, bátìrì kékeré CR2032 ló ti kú, ètò BIOS sì lè ti yí padà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kí ẹ tó dá Linux lẹ́bi.

Bí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, ẹ fi fíláàṣì Ubuntu tan kọ̀ǹpútà, ẹ mú «Try Ubuntu», kí ẹ kó fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn. Bí BitLocker bá wà níbẹ̀, ẹ ó nílò nọ́ńbà 48 náà. Fíláàṣì 8GB tó o, àmọ́ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é sílẹ̀.