Bí A Ṣe Lè Lé Aáyán Kúrò Nínú Ilé Wa

Ilẹ̀ ti ṣú. Gbogbo ará ilé ti sùn. Ẹ dìde lóru láti mu omi. Bí ẹ ti tan iná sí ilé ìdáná, ẹ rí aáyán mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n ń sá lọ sí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi sálúbàtà pa ọ̀kan. Àwọn yòókù ti wọ ihò lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n tún dé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ìyọnu yìí. Oògùn olóró ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò lè lé aáyán lọ. Oògùn tí a kò sì lò dáadáa lè pa ọmọ wa kí ó tó pa aáyán. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìwà aáyán ná.

Ìwà aáyán

Oríṣi aáyán méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé. Ọ̀kan tóbi, ó pọ́n, ó sì ní ìyẹ́ gígùn. Inú gọ́tà àti ṣáláńgá ni ó ti sábà máa ń wá. Èkejì kéré, ilà dúdú méjì sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Eléyìí fẹ́ràn ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹ̀yìn sítóòfù àti ẹ̀yìn fìríìjì. Inú páálí àti àpò tí a gbé ti ọjà bọ̀ ni ó máa ń bá wọlé.

Aáyán kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán, ó ń sá pamọ́. Ní òru, ó ń jẹ̀ kiri. Bí ẹ bá rí i ní ọ̀sán gangan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pọ̀ jù nínú ihò wọn.

Aáyán kì í yé ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àpò kékeré kan tí ó le, tí ó tó hóró ẹ̀wà, ni ẹyin rẹ̀ máa ń wà. Ẹyin bíi 15 ni ó máa ń wà nínú àpò aáyán ńlá. Ti aáyán kékeré lè tó 30 sí 40. Oògùn tí a fọ́n kì í sábà wọ inú àpò náà. Ìdí nìyí tí a fi ń pa aáyán lónìí, tí òmíràn tún ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìpalára tí ó ń ṣe

Aáyán lè ti inú ṣáláńgá gba orí ààtàn dé orí àwo ẹ̀bà wa. Kì í fọ ẹsẹ̀. Ìdọ̀tí tí ó tẹ̀ ni ó ń gbé bọ̀, kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru sì lè wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ àti awọ tí ó bọ́ sílẹ̀ a máa gbẹ, a sì di eruku. Bí ẹni tí ó ní ásímà bá fa eruku náà símú, èémí rẹ̀ lè há. Èyí a máa yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu púpọ̀.

Ohun mẹ́ta tí a ní láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aáyán rí. Ohun mẹ́ta ni ó ń wá wá sí ilé wa.

1. Oúnjẹ. Ẹ fọ àwo àti ìkòkò kí ẹ tó sùn. Bí ó bá ti rẹ̀ yín jù, ẹ rì wọ́n sínú omi ọṣẹ. Ẹ gbálẹ̀, ẹ sì nu ọ̀rá ara sítóòfù. Ẹ da gàárì, ẹ̀wà àti ṣúgà sínú agolo tàbí ike tí ó ní ìdérí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdọ̀tí sùn sílé.

2. Omi. Aáyán lè wà fún nǹkan bí oṣù kan láìjẹun, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìmu omi. Ẹ dé àmù àti garawa. Ẹ tún ẹ̀rọ omi tí ó ń jò ṣe. Ẹ fún àkísà ìnulẹ̀, kí ẹ sì sá a.

3. Ibi ìsápamọ́. Ẹ kó páálí àti ìwé ìròyìn àtijọ́ jáde. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tí ògiri ti là. Bí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ gbọn àpò wò níta kí ẹ tó gbé e wọlé.

Nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, ìmọ́tótó ẹnì kan kò tó. Bí ẹ bá fọ àwo tiyín, tí ti aládùúgbò wà nílẹ̀, aáyán á jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì wá sùn lọ́dọ̀ yín. Kí gbogbo ará ilé fi ohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n yan ọjọ́ tí wọn yóò jọ máa fọ ilé ìdáná àti gọ́tà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, kí ó má baà di ìjà.

Bí a ṣe ń pa èyí tí ó kù

Ẹ mú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù, tàbí búrẹ́dì tí ẹ rẹ sínú bíà, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi òróró pa inú ẹnu ìgò náà. Ẹ fi ìwé wé ẹ̀yìn rẹ̀, kí aáyán lè rí ibi gùn. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá ògiri lálẹ́. Aáyán yóò wọlé, ṣùgbọ́n òróró á máa yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kò sì ní lè jáde. Ní àárọ̀, ẹ da omi ọṣẹ sí i.

Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣe é fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nítorí àwọn tí ó ṣì wà nínú ẹyin.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn olóró

Oògùn tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kékeré lọ́jà, tí à ń pè ní òtapíápíá, ewu ńlá ni. Dichlorvos ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fi òfin de ìgò dichlorvos tí kò ju 100 ml lọ, nítorí ẹ̀mí tí ó ń ṣòfò.

Ẹ má ṣe rọ oògùn kankan sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ó rí ìgò tí ó mọ̀: kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Ẹ má ṣe fọ́n oògùn sí ara àwo, oúnjẹ tàbí ibùsùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi agbára mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

Ìgbálẹ̀, ọṣẹ àti ìdérí kò wọ́n. Ní alẹ́ òní, kí a tó sùn, ẹ jẹ́ kí a fọ àwo, kí a dé omi, kí a sì da ìdọ̀tí nù. Bí aáyán bá jáde, kí ó bá ilé ìdáná ní gbígbẹ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ohun mẹ́ta tí aáyán ń wá nínú ilé?
2. Kí ló dé tí aáyán fi tún ń yọjú lẹ́yìn tí a ti fọ́n oògùn?
3. Kí ni a ní láti ṣe bí ọmọ bá gbé oògùn olóró mì?