Bí A Ti Í Po Ìyẹ̀fun Mọ́fìn Sílẹ̀ De Òwúrọ̀

Kò sí ẹni tí ó ti wo ìyá alákàrà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rí tí kò mọ̀ pé obìnrin náà kì í fi ẹ̀wà lílọ̀ ṣeré. Yóò pò ó, yóò tún un pò, títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú rẹ̀ tí yóò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pò ó tán tí ó sì bu iyọ̀ sí i, kò tún ní lọ jókòó máa wo ẹni tí ń kọjá lójú ọ̀nà. Àfi kí ó tètè máa dà á sínú òróró gbígbóná, nítorí pé bí ó bá pẹ́, afẹ́fẹ́ náà a jáde, ẹ̀wà a sọ omi, àkàrà tí ì bá wú dáadáa a sì di pẹlẹbẹ.

Ìyọnu kan náà ni ó wà nínú oúnjẹ òwúrọ̀ kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, èyí tí à ń pè ní mọ́fìn. Ìyàwó ilé tí yóò bọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí òun náà yóò sì lọ sí ibi iṣẹ́, kò ní àkókò láti máa wọn ìyẹ̀fun àti ṣúgà ní kùtùkùtù. Ohun tí yóò fẹ́ ni pé kí ó ti pò ó sílẹ̀ láti alẹ́. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ìyẹ̀fun pípò náà yóò gbà láti dúró dè é?

Mọ́fìn jẹ́ àkàrà òyìnbó kékeré, roboto, tí a fi ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹyin, wàrà, ṣúgà àti òróró tàbí bọ́tà ṣe, tí a sì yan nínú agolo pẹrẹsẹ tí ó ní ojú mẹ́fà tàbí méjìlá bí ife. Kí á má ṣì í mú fún mọ́fìn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn pẹlẹbẹ ni. Ìwúkàrà ní ń mú un wú, orí irin gbígbóná ni a sì ti ń yan án. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin a máa kiri rẹ̀ ní ìgboro Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tàwọn ti àtẹ lórí àti agogo lọ́wọ́.

Ìwúkàrà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Ó ń jẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun, ó sì ń mí afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ṣe pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù rí ti mọ̀. Ìjáfara yìí kọ́ ni ó mú kí apòògùn kan ní Birmingham, Alfred Bird, wá ọ̀nà mìíràn ní 1843, bí kò ṣe pé ara ìyàwó rẹ̀ kò gba ìwúkàrà. Ó po sódà mọ́ ohun kíkan gbígbẹ, bákìn páúdà sì dé. Ní 1856, Eben Horsford, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ohun kíkan mìíràn fún iṣẹ́ yìí, èyí tí ó kọ́kọ́ ń rí láti ara egungun ẹran.

Níwọ̀n ìgbà tí bákìn páúdà bá gbẹ, sódà àti ohun kíkan náà yóò wà pọ̀ bí ẹni tí ó sùn. Lúbúlúbú àgbàdo tí a pò mọ́ wọn ni ó ń fa ọ̀rinrin, kí wọ́n má baà jí láìtọ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn wọ́n, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í hó, afẹ́fẹ́ a sì máa tú jáde. Ẹni tí ó bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kaun rí ti rí irú híhó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí híhó náà bá parí, ó parí náà nìyẹn. Èémí tí ó ti jáde kò ṣe é kó padà.

Ọgbọ́n tí a wá dá ni pé kí a lo oríṣi ohun kíkan méjì nínú agolo kan. Èkíní ń ṣiṣẹ́ ní kété tí omi bá kàn án. Èkejì a sì fara balẹ̀ títí ooru yóò fi mú un. Irú bákìn páúdà yìí, tí a máa ń kọ sí ara agolo rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ni ó yẹ ẹni tí yóò po ìyẹ̀fun sílẹ̀ mọ́jú. Òtútù fìríìjì náà a máa ran ni lọ́wọ́: ó ń fa ọwọ́ híhó náà sẹ́yìn, ó sì ń mú kí ìyẹ̀fun pípò náà ki, tí afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò fi ní rí ọ̀nà sá lọ bọ̀rọ̀.

Mọ́fìn eléèrí ni ìdúró yìí tilẹ̀ ń ṣe láǹfààní jù. Eèrí àlìkámà a máa le. Ṣùgbọ́n bí ó bá sun inú wàrà mọ́jú, a rọ̀, a sì mu omi yó. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìwé ìdáná àtijọ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé a lè tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì fún ọ̀sẹ̀ 6, kí a máa bù ú yan díẹ̀díẹ̀. Àsọdùn ni. Ẹyin tí a kò sè wà níbẹ̀, ìmọ̀ràn tí ìjọba Amẹ́ríkà sì ń fúnni ni pé kí ẹyin tí a ti fọ́ má ṣe ju ọjọ́ 2 sí 4 lọ nínú fìríìjì tí òtútù rẹ̀ kò gòkè ju ìwọ̀n 4 Celsius. Kòkòrò àìfojúrí tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú ẹyin. Ó lè wà nínú ìyẹ̀fun tútù pàápàá, nítorí náà ọmọ tí ń fi ìka lá ìdí abọ́ ń wéwu.

Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fìríìjì tí a kò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 4 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí a da ìyẹ̀fun pípò náà nù, bí owó ẹyin àti bọ́tà tilẹ̀ ń dun ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi imú dán an wò, nítorí pé kòkòrò wọ̀nyí kì í sábà ní òórùn.

Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan wà tí ó dára jù: kí a po àwọn ohun gbígbẹ nìkan sílẹ̀. Ìyẹ̀fun ife 2, ṣúgà ìlàjì ife, bákìn páúdà ṣíbí kékeré 3 àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré, a lè dé wọn mọ́ inú agolo fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìsí fìríìjì. Ní òwúrọ̀, ó ku kí a lu ẹyin 1 mọ́ wàrà ife 1 àti òróró ìdá mẹ́rin ife, kí a sì dà á sí i. Kò gba ìṣẹ́jú 5.

Pípò náà kò gbọdọ̀ pọ̀, ibí yìí sì ni mọ́fìn ti kọ ẹ̀yìn sí àkàrà. Bí a bá ń po ìyẹ̀fun àlìkámà tí ó tutù ṣáá, a máa yi bí rọ́bà. Ohun tí búrẹ́dì ń fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mọ́fìn a le, ihò gígùn bí ọ̀nà èkúté a sì gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ìyẹ̀fun gbígbẹ kò bá ti hàn mọ́, kí a ṣíwọ́, kókó ìbáà tilẹ̀ ṣẹ́kù. Èyí tí ó sun fìríìjì ni a kò tilẹ̀ gbọdọ̀ tún rò. Ṣíbí ni kí a fi bù ú bí ó ti wà.

Kí ojú agolo má kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Nínú ófùn tí ó ti gbóná dé ìwọ̀n 200 Celsius, yóò jinná ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú; èyí tí ó ti inú òtútù wá lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Bí a bá fi igi tín-ín-rín gún un láàárín tí igi náà sì jáde ní gbígbẹ, ó jinná. Kí a tú u kúrò nínú agolo lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí ooru má baà mú ìdí rẹ̀ rin.